Ata Tó Jáde Kúrò Nínú Ilé Ọ̀rá

Ojú mi méjèèjì ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ojúmọ́ ti mọ́ kedere, mi ò sì tí ì mu ohunkóhun ju tíì lọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Iṣẹ́ àgùntàn àti ẹja ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ní àwọn erékùṣù Shetland níbí, lójú òkun àríwá. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo gbìn, mo sì mọ ibi tí mo gbìn ín sí. Gibbie aládùúgbò mi ṣì wà láàyè, ẹ lè bi í. Yóò yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n kò ní sọ pé irọ́ ni.

Lowrie ọmọ mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìlú Lerwick ló ń gbé, níbi tí ọkọ̀ òkun ńlá ń gúnlẹ̀ sí. Ní ìgbà òtútù ọdún tó kọjá, ẹsẹ̀ mi wú. Dókítà ní ẹran oníyọ̀ àti pọ̀tétò nìkan kò tó, kí n máa jẹ ewébẹ̀ tútù, kí n máa jẹ ohun tó pupa. Níbo ni kí n ti rí i? Bí ìjì bá ti dé, ọkọ̀ kì í wá sí erékùṣù wa, ṣọ́ọ̀bù á sì ṣófo.

"Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, Màmá," Lowrie wí. "Yàrá wà. Ó móoru."

"Èmi àti ìyàwó ẹ nínú ilé ìdáná kan ṣoṣo? Kí ẹnì kan má bàa kú."

"Mi ò ṣeré o."

"Èmi náà ò ṣeré."

Níkẹyìn, a ṣe àdéhùn. Òun á bá mi kọ́ ilé ọ̀rá kan tí ewébẹ̀ lè móoru nínú rẹ̀. Bí mo bá lè fi ohun tó jáde níbẹ̀ bọ́ ara mi títí òtútù á fi dé, kò ní dárúkọ Lerwick sí mi létí mọ́. Bí mi ò bá lè ṣe é, màá di ẹrù mi. A bọ ara wa lọ́wọ́. Ilé tí wọ́n bí ìyá mi sí ni mo ń gbé. Ẹ rí ohun tí mo fi ta tẹ́tẹ́.

Ilé ọ̀rá kò le kọ́. Páìpù tí àwọn tó ń sin ẹja lójú òkun lò tì ni a tẹ̀ bí ọrun. A na ọ̀rá líle lé e lórí, a fi ilẹ̀kùn sí i. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ọ̀tá. A wá ibi tí a lè fi í pamọ́ sí fún afẹ́fẹ́, a ò rí ibòmíràn àfi inú ọgbà òkúta àtijọ́ tó wà lókè ilé mi.

Àwọn obìnrin ayé ìyá ìyá mi ló lo ọgbà òkúta yẹn kẹ́yìn. Wọ́n to òkúta yípo títí ó fi dé àyà, wọ́n ń gbin kóró kábéèjì sínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa pa á. Tó bá ti lágbára díẹ̀, wọ́n á ṣí i níbẹ̀, wọ́n á lọ gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ ewéko ni. Ewéko kan kì í dàgbà síbẹ̀.

Gibbie bá wa gbé páìpù. A jọ lọ sílé ìwé ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Mima," ó pè mí, "nǹkan kì í pẹ́ níbí kí wọ́n tó ṣí i o."

"Ta ni wọ́n?"

"Mo kàn ń sọ ni."

"Gbé páìpù, Gibbie."

Inú mi dùn nínú ilé ọ̀rá yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Yìnyín á máa lù ú lórí, èmi á bọ́ kóòtù. Màá da korobá dé, màá jókòó lé e, màá mu tíì. Òórùn ewé tòmátò á gba gbogbo ibẹ̀. Mo gbin tòmátò, mo gbin ata, mo gbin kùkúḿbà àti ìgbá. Ohun tí àwọn ará ilẹ̀ olóòrùn ń dà sẹ́yìn ilé tó ń hù fúnra rẹ̀, bí ọmọ olówó ni mo ń kẹ́ ẹ. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn pẹ́ díẹ̀, wọ́n á wọ́ ewé mọ́ra. Mo máa ń bú wọn. "Ẹ̀yin ọ̀lẹ yìí! Ọ̀pọ̀lọ́ gan-an ń dúró sínú òtútù."

Ní oṣù karùn-ún ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, ewéko òkun, irú èyí tí a fi ń ṣe ajílẹ̀, ti wà nídìí gbogbo wọn. Ó ṣì ń kán omi. Ẹnì kan ti rù ú gòkè láti etí òkun, ó sì tẹ́ ẹ bí ẹni tẹ́ ibùsùn fún ọmọ tuntun.

Mo lọ bá Gibbie.

"O ṣeun fún ewéko òkun."

"Ewéko òkun wo?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀."

"Mima, pẹ̀lú ẹ̀yìn mi tó ti ń dùn mí látọjọ́ páìpù yẹn? Bàtà gan-an, ìyàwó mi ló ń bá mi wọ̀ ọ́."

Mo wò ó. Kò rẹ́rìn-ín. Mo padà sílé.

Lẹ́yìn èyí, kùrukùru bo erékùṣù lọ́sàn-án kan. Afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ìyẹn nìkan ti tó láti ba ènìyàn lẹ́rù níbí. Mo wà nínú ilé ọ̀rá, mo ń fi ìka ta òdòdó tòmátò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè so, nítorí oyin kì í wọlé wá bá wa ṣe é. Mo gbọ́ nǹkan.

Pà. Pà. Pà.

Ọwọ́ ni. Ọwọ́ tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí ewéko. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ewé kùkúḿbà.

Mo dúró. Òun náà dúró.

"Ta nìyẹn?"

Omi kán láti ara ọ̀rá sí mi lọ́rùn. Mo tún ta òdòdó kan. Pà. Pà.

Mo fa ewé kùkúḿbà sápá kan. Kò sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n nídìí ata tó kángun, wọ́n ti tẹ ilẹ̀ dáadáa, àtẹ́lẹwọ́ sì hàn lára rẹ̀, pẹ̀lú ìka. Ó kéré ju tèmi lọ. Mi ò gbé ọwọ́ mi lé e wò.

Mo mu tíì mi tán. Mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò sọ fún Lowrie, nítorí tí mo bá sọ fún un, yàrá tó móoru yẹn ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àti pé iṣẹ́ náà dára. Èmi fúnra mi kì í tẹ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹfà dé. Ní oṣù kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú tán lọ́dọ̀ wa. Tòmátò ti ń so wẹẹrẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gòkè lọ, mo ṣí ilẹ̀kùn. Ilé ọ̀rá ṣófo.

Kò sí ewé kan. Ihò kan kò sí nílẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti fi ọwọ́ tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ.

Mo jókòó sórí korobá mi. Lójú ọkàn mi, mo rí ẹnu ọ̀nà ilé Lowrie. Mo rí ìyàwó rẹ̀ tó ń fi ibi tí wọ́n ń gbé ife sí hàn mí. Ni mo bá dìde, mo ń sọ̀kalẹ̀, mo ń bú ẹni tí mi ò mọ̀, ohùn mi sì ń lọ lórí òkè bíi ti ajá.

Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti rí wọn.

Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Tòmátò, ata, kùkúḿbà, ìgbá. Wọ́n ti gbìn wọ́n sí ọgbà kábéèjì àtijọ́, lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì rì wọ́n jìn bí àwọn obìnrin ayé ìyá ìyá mi ṣe ń ri kábéèjì. Wọ́n ri òkúta pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ níwájú wọn, ní ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Òtútù mú mi débi pé eyín mi ń lura. Síta gbangba, ní Shetland! Kò yẹ kí ata wà láàyè níbẹ̀ títí di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán.

Mo ránṣẹ́ pe Gibbie. Ó dé, ó wo ọgbà, ó di fìlà mú kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e.

"Ta ló ṣe èyí, Mima?"

"Ṣé èmi ni kí n bi ọ́ ni, àbí ìwọ ni kí o bi mí?"

Ó ń wo ewé. Ìgbà náà ni èmi náà wò ó dáadáa. Afẹ́fẹ́ ń fa kóòtù wa. Koríko lẹ́yìn ògiri ń dọ̀bálẹ̀. Ewé ata kò mì.

Gibbie tu irun àgùntàn kan kúrò lára wáyà. Ó na ọwọ́ sókè ọgbà, ó jù ú sílẹ̀. Irun náà já bọ́ sílẹ̀ tààrà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni pé inú yàrá ni.

"Jẹ́ ká lọ mu tíì," ó wí.

"A ò lọ mu tíì kankan. Rédíò ní ìjì ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bá mi kó wọn padà sínú ilé ọ̀rá."

Mo kúnlẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ nídìí tòmátò àkọ́kọ́. Ilẹ̀ náà lọ́wọ́ọ́wọ́ bíi búrẹ́dì tí a fi aṣọ bò. Mo di gbòǹgbò mú, mo fà á. Nǹkan kan fà á padà. Kò le. Bí ọmọdé ṣe ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú tí kò fẹ́ kó lọ.

Mo tú u sílẹ̀.

"Mima, fi wọ́n sílẹ̀."

"Ìjì ń bọ̀, mo ní."

"Mo gbọ́. Fi wọ́n sílẹ̀."

Ojú rẹ̀ ti funfun. Láti ọdún tí mo ti mọ Gibbie, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tó lọ láìsọ ọ̀rọ̀ àwàdà kan.

Ìjì náà dé. Ó ju èyí tí rédíò sọ lọ. Nígbà tó rọlẹ̀, mo wọ bàtà, mo gòkè lọ sí ọgbà òkúta. Òkúta nìkan ló kù. Ilé ọ̀rá ti lọ. Gibbie rí ilẹ̀kùn rẹ̀ létí òkun, páìpù rẹ̀ sì lọ́ bí ìfun àgùntàn. Ọ̀rá náà, òkun nìkan ló mọ ibi tó wà. Ká ní nǹkan kan ṣẹ́kù sínú ilé yẹn, ì bá bá a lọ.

Mo padà sí ẹ̀yìnkùlé. Èèpo ara ògiri mi ti bó. Orí ilé adìyẹ ti ṣí. Ewé kan kò ya lára ata mi. Tòmátò kan ti ń pọ́n.

Ọkọ̀ kò wá fún ìgbà pípẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ta bisikíìtì títí ó fi tán. Èmi jẹ tòmátò, mo se ata mọ́ ẹja, mo gé kùkúḿbà sórí búrẹ́dì. Mo fi ránṣẹ́ sí Gibbie. Ìyàwó rẹ̀ jẹ ẹ́. Gibbie ní ebi kò pa òun. Wíwú ẹsẹ̀ mi lọ sílẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ wá padà, Lowrie ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó gbé páálí òfìfo tó fẹ́ fi kó ẹrù mi dání.

"Wọ́n ní ìjì ti gbé ilé ọ̀rá lọ, Màmá. Ẹ má bínú. Ẹ ti gbìyànjú."

"O kò kí mi."

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Káàsán. Ṣé ebi ń pa ọ́? Lọ já tòmátò wá lẹ́yìnkùlé."

Ó rò pé orí mi ti dàrú, mo rí i lójú rẹ̀. Ó lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Ó dúró níwájú ọgbà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé, ó ń wá èyí tó pọ́n.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Kò mì.

Ó fa ọwọ́ jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tòmátò pupa kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò pa ọwọ́ dé. Ó gbé e wá báyìí, bí ẹni gbé ẹyin.

"Màmá, ta ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni."

"Mi ò já a. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́."

"Ṣé ó pọ́n?"

"Ó pọ́n."

"Jẹ ẹ́."

Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, omi rẹ̀ ń ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ọgbà. Kò dúró sùn di ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló bá padà. Páálí tó gbé wá, mo kó ata kún un fún ìyàwó rẹ̀.

Òtútù ti dé báyìí. Yìnyín ti wà lórí òkè. Wọ́n ṣì ń so. Mo ti jáwọ́ nínú wíwá èyí tó pọ́n. Mo kàn máa ń na ọwọ́ ni. Mi ì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ewé. Ohun tí wọ́n bá fún mi tó mi í jẹ.

Lowrie pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí.

"Ṣé ẹ ń jẹun, Màmá?"

"Mo ń jẹun."

"Àdéhùn wa ni pé kí ẹ dá bọ́ ara yín o."

"Mo mọ àdéhùn wa. Ṣé o fẹ́ wá kó mi ni?"

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Rárá," ó wí. "Rárá, Màmá. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ bá mi kí wọn."

Mo ní màá jíṣẹ́. Mo wọ kóòtù, mo lọ sí ẹnu ọgbà, mo sọ ọ́ sókè ketekete: Lowrie ní kí n kí yín. Mo dúró díẹ̀ fún èsì. Òtútù mú mi, mo wọlé lọ jẹun.