Ta Ló Fọ́ Àgbọ̀n Ọ̀jọ̀gbọ́n?

Nígbà tí wọ́n fi máa bá Ọ̀jọ̀gbọ́n nílẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé abẹ́ àga, àgbọ̀n rẹ̀ sì ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ilẹ̀kùn tí irin ìdè rẹ̀ já. Obìnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ to eyín ẹlẹ́yín, ẹnì kan ti ba ẹnu tirẹ̀ jẹ́. Ohun tí wọ́n fi lù ú wà lẹ́bàá etí rẹ̀: irin wúwo kan tí àwọn dókítà eyín máa ń gbé ère eyín lé, tó ń ṣí, tó ń pa dé bí ẹnu èèyàn. Ẹni tó lù ú ti nu irin náà mọ́ tónítóní. Wọ́n sáré gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó máa là á.

Ínsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ó tín-ín-rín, ó ń gúnni, ibi tó bá sì gbà wọlé, òwú á tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Eyín iwájú rẹ̀ nísàlẹ̀ gun ara wọn lórí, láti kékeré ló sì ti ń fi ètè bò wọ́n. Bó ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́ náà báyìí, gbogbo ojú lọ sí ẹnu rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Dókítà eyín tó ti ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n lè di ọ̀gá nínú títo eyín tó wọ́. Ìdánwò àṣekágbá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Olúkúlùkù wọn gbọ́dọ̀ mú aláìsàn kan tó ti to eyín rẹ̀ wá síwájú àwọn olùdánwò, pẹ̀lú ère eyín ẹni náà, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí.

Ní yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi pílásítà funfun mọ ère wọ̀nyí, ó bá ọkùnrin kan tí pílásítà bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀rín-ò-wọ́n ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí eyín rẹ̀ funfun báláú, kì í sì í pa ètè dé. Kò tíì ṣe ìdánwò, ó ti gbé pátákó síwájú ilé ìwòsàn rẹ̀ pé òun ni ọ̀gá nínú títo eyín.

"Màdáámù ọlọ́pàá," ó ní, "eyín ìsàlẹ̀ yín yẹn ń bára wọn jà o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tò ó lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi to ọ̀rọ̀ yín. Níbo lẹ wà láti ìgbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ lókè títí tí wọ́n fi pariwo?"

"Ibí yìí ni. Aláìsàn mi kan wá, aránṣọ ni. Mo tẹ ẹnu rẹ̀, ó lọ, mo sì da pílásítà sí i lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò kúrò lórí ìdúró."

"Kí ló dè yín mọ́ ibí?"

Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó kọ́ ewúrẹ́ níwèé. Ó gbé ohun rírọ̀ kan sókè nínú àwo irin. "Ṣé ẹ rí àpòpọ̀ yìí? Òun la máa ń kì bọ ẹnu kí eyín lè tẹ̀ ẹ́. Omi ló kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, á gbẹ, á sún kì, á wọ́. Ère tó bá tinú rẹ̀ jáde, irọ́ ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ò jẹ́ fi í sílẹ̀ kó máa lọ lu àgbàlagbà lókè. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Abẹ́rẹ́ ò kọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ kan ère eyín aránṣọ tó wà lórí tábìlì. Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò. Ó ní kí ọlọ́pàá kan gbé e pa mọ́.

Lókè, ojú àwọn yòókù le koko bí awọ tó gbẹ. Wọn ò fi àga lọ̀ ọ́. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kíláàsì, ló gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Kí lẹ tún ń wá kiri, ọ̀gá ọlọ́pàá? Ìyá Ìkókó ni. Lánàá ló tutọ́ sókè, tó fojú gbà á, lójú gbogbo wa."

"Òun nìkan ló jáde nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òní," ẹlòmíì fi kún un. "Ẹ mú un lọ, kí a rí ìdánwò wa ṣe."

Ìyá Ìkókó dá jókòó ní ìpẹ̀kun yàrá, bí ẹni tó ní àrùn tó ń ranni. Òun ló kéré jù nínú wọn. Ó ti gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn nítorí ẹ̀kọ́ yìí. Lánàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n pàṣẹ fún un pé kó tú gbogbo wáyà tó fi ń to eyín lẹ́nu aláìsàn rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Kí lẹ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Mo ní ìkà ni wọ́n." Ó gbójú sókè. "Mo sì tún ní Ọlọ́run á bi wọ́n. Ó dùn mí ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n àti eyín ń jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n sì ń sùn. Àwọn náà ló fọwọ́ ara wọn kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ wáyà."

"Lónìí ńkọ́? Níbo lẹ lọ?"

"Ẹ̀yìnkùlé. Mo lọ sunkún."

"Ta ló rí yín?"

"Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ máa ń pe èèyàn wá wòran ẹkún yín?"

Omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ láyà. Kò bò ó.

Fóònù Abẹ́rẹ́ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni. "Odidi kíláàsì jẹ́rìí sí obìnrin kan, o ṣì ń fọwọ́ pa pílásítà lórí? Mú un wá. Bí o kò bá rí nǹkan mìíràn títí ọ̀sán ọ̀la, ilé ẹjọ́ ni mò ń gbé e lọ."

Abẹ́rẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Ìyá Ìkókó lọ́wọ́. Wọ́n gba ìloro kọjá níwájú àwọn aláìsàn tó jókòó dè é, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dìde. Abẹ́rẹ́ mọ ohun tí òun ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́ á lé obìnrin yìí, wọ́n á gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tó ń mu ọmú á sì ti mọ ọ̀nà ilé ìwé kó tó mọ ojú ìyá rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sí Bàbá Kíláàsì. "Pílásítà yín yẹn, ṣé ó máa ń pẹ́ kó tó tutù?"

"Ìgbà tó bá ń gan ló ń gbóná. Kí èèyàn tó fara balẹ̀ mu tíì kan tán, ó ti tutù. Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tòní ńkọ́, ṣé ó gùn?"

"Ó gùn débi pé mo sùn, mo jí, mo tún sùn, olùkọ́ mìíràn tó wá kọ́ wa ò tíì parí."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín nínú ilé náà. Ó gbàgbé láti fi ètè bo eyín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá aránṣọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé òwú lára ọrùn aṣọ.

"Tẹ́lẹ̀, eyín ni mo fi ń já a," ó ní. "Ní báyìí, ẹ wò ó." Ó fi ahọ́n ti eyín iwájú rẹ̀ kan. Ó mì bí òpó ọgbà tí ikán ti jẹ nídìí. Eyín náà tò lẹ́sẹẹsẹ, kò sí èyí tó yà sọ́tọ̀. Ẹwà rẹ̀ gan-an ló ba Abẹ́rẹ́ lẹ́rù.

"Ta ló ṣe é?"

"Dókítà ẹlẹ́rìn-ín yẹn ni. Mo ní ó ń dùn mí, ó ní kí n fara dà á, kó lè yá kí ìdánwò òun tó dé. Ńṣe ló ń fa wáyà yẹn bí ẹni ń so màlúù. Láàárọ̀ àná, Ọ̀jọ̀gbọ́n tú u fúnra wọn. Wọ́n ya fọ́tò egungun ẹnu mi, wọ́n sì fi àwo kékeré oníwáyà kan sí àjà ẹnu mi kó lè máa di eyín mú. Wọ́n wo fọ́tò náà. Wọ́n ní gbòǹgbò eyín mi ti ń jẹ tán lọ. Wọ́n ní kí dókítà yẹn má fọwọ́ kàn mí mọ́ láé, àti pé kò ní ṣe ìdánwò kankan."

"Kí ló dé tí ẹ tún jẹ́ kó tẹ ẹnu yín lọ́sàn-án?"

"Ó bẹ̀ mí ni. Ó ní ère lásán lòun fẹ́ mọ. Lẹ́yìn tó tẹ̀ ẹ́ tán ni mo tó sọ fún un ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wí." Aránṣọ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kàn ṣílẹ̀kùn fún mi pé kí n máa lọ."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Abẹ́rẹ́ ti kó gbogbo wọn jọ sí kíláàsì. Ó mú Ìyá Ìkókó wá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ó mú aránṣọ wá, ó sì gbé ère pílásítà kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Ọlọ́pàá ti di olùkọ́," ni Ẹ̀rín-ò-wọ́n wí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Akẹ́kọ̀ọ́ yín ni mí," Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Lánàá lẹ kọ́ mi." Ó ní kí aránṣọ yọ àwo oníwáyà tó wà ní àjà ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e fún Bàbá Kíláàsì. "Bàbá, ẹ bá mi fi sórí ère yìí. Ẹnu kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni."

Bàbá Kíláàsì fi í sí i. Kò wọ̀. Ó yí i, ó tún un fi. Àwo náà ń mì gbọ̀ngbọ̀n bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó fi omi ṣàn án, ó dá a padà sẹ́nu aránṣọ, àwo náà sì jókòó síbẹ̀ pẹ́ẹ́, bí ọmọrí orí ìkòkò.

"Ère yìí ti sún kì," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Àpòpọ̀ rẹ̀ ti gbẹ kí wọ́n tó da pílásítà sí i."

"Pílásítà tí wọ́n ń rà fún wa ò dáa," Ẹ̀rín-ò-wọ́n sọ kíákíá.

"Ìkankan nínú tèmi ò rí báyìí rí."

Abẹ́rẹ́ súnmọ́ Ẹ̀rín-ò-wọ́n. "Ẹ ní bí aránṣọ ṣe jáde lẹ da pílásítà sí i. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ère náà ṣì ń gbóná fún nígbà tí mo dé, lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Bàbá yìí sùn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ gbọ́ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ ṣe fún yín, ẹ fi àpòpọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ gòkè lọ bá wọn. Ẹ bẹ̀bẹ̀, wọ́n kọ̀. Ẹ gbé irin. Lẹ́yìn náà lẹ nu irin, ẹ wá fọ́tò egungun náà títí, ẹ mú un lọ. A tú ọ́fíìsì náà, a ò rí i. Ìgbà tí ẹ padà délẹ̀, àpòpọ̀ ti gbẹ. Ẹ mọ̀ pé kò dáa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ nílò ọwọ́ tó funfun àti ère lórí tábìlì, ẹ sì rò pé ọlọ́pàá tí eyín ẹ̀ wọ́ ò lè mọ èyí tó sún kì."

"Ta ló ń fi pílásítà ka ẹ̀sùn sí èèyàn lẹ́sẹ̀?" Ẹ̀rín-ò-wọ́n pariwo.

Aránṣọ dìde. Ó ya ẹnu níwájú gbogbo wọn, ó sì fi ahọ́n mi eyín rẹ̀. Dókítà ni wọ́n. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò.

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," Bàbá Kíláàsì sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ojoojúmọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ ọ́ fún wa."

"Ẹ̀sọ̀ wo?" Ètè Ẹ̀rín-ò-wọ́n ti pa dé, ojú rẹ̀ sì dàbí ti ẹlòmíì. "Mo ti gbé pátákó síta! Mo ní kí wọ́n kàn dákẹ́ títí ìdánwò á fi kọjá, wọ́n yarí. Wọ́n fẹ́ ba ayé mi jẹ́ nítorí eyín aránṣọ!"

"Ṣé aránṣọ kì í jẹun ni?" aránṣọ náà bi í.

Abẹ́rẹ́ ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Ìkókó, ó sì fi de Ẹ̀rín-ò-wọ́n. Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń mú un jáde, Bàbá Kíláàsì bọ́ fìlà.

"Àbúrò mi," ó ní, "ẹ dárí jì wá."

"Àbúrò wo? Lánàá, ọ̀daràn ni mo jẹ́." Ìyá Ìkókó ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó gba fóònù Abẹ́rẹ́ láìtọrọ. "Màmá, ẹ gbé ọmọ mi wá bá mi níbí. Rárá, mi ò wálé. Mò ń ṣiṣẹ́."

Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀ bo ọyàn tó rin, ó sì mú aránṣọ lọ sórí àga ní yàrá kejì. Nínú gbogbo wáyà tó wà níbẹ̀, èyí tó rọ̀ jù, tó tín-ín-rín bí òwú, ló mú. Kò ní fa eyín kankan mọ́. Ńṣe ló máa so wọ́n pọ̀ wẹ́rẹ́, kí wọ́n lè ran ara wọn lọ́wọ́ dúró.

Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e wọlé. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, òjìji rẹ̀ sì ṣíji bo ẹnu aránṣọ.

"Ẹ ya ẹnu," Ìyá Ìkókó sọ fún aránṣọ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ láìbojú wẹ̀yìn. "Màdáámù ọlọ́pàá, ẹ kúrò níwájú iná mi."