Ìyá Pẹpẹ àti Omi Àkọ́kọ́

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí wọ́n fi ìwé pélébé yìí lé lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, má tíì ká a sápò. Bí o bá rò pé ìtàn ọ̀mùtí tàbí ti olè ni mo fẹ́ sọ, o ṣì í. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò mutí, kò jalè, kò sì pa Mísà jẹ rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ọ̀run àpáàdì tán, rósárì sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Aránṣọ ni. Ìyá Pẹpẹ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, orúkọ náà kò sì ṣàdédé wá. Nígbà tí ìjọ Àgùdà kò tíì sí ní apá ìlú yẹn, ọ̀nà rélùwéè ni àwọn onígbàgbọ́ ń sọdá kí wọ́n tó rí ibi gbọ́ Mísà. Bó bá di ìgbà òjò, ẹrẹ̀ a máa mu wọ́n dé orúnkún. Obìnrin yìí ló sọ fún Fáda ìgbà náà pé, "Fáda, yàrá ìránṣọ mi fẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá máa lò ó."

Bí ìjọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, á ti ẹ̀rọ ìránṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, á ṣa òwú àti abẹ́rẹ́ nílẹ̀, á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, pẹpẹ ti dé nìyẹn. Àwọn ọmọdé a jókòó sórí ìdì aṣọ àwọn oníbàárà. Ìgbà kan wà tí Fáda ń wàásù lọ́wọ́ tí oníbàárà kan ya wọlé, ó ní òun wá wọn ẹ̀wù òun wò. Ojú tì í láti jáde, ó bá wọn jókòó títí Mísà fi parí, ó sì di ọmọ ìjọ.

Ìjọ pọ̀ sí i, yàrá kò gbà wọ́n mọ́. Wọ́n ra ilẹ̀ kan tí wọ́n ti ń da pàǹtírí sí tẹ́lẹ̀, wọ́n fi orí ru yanrìn, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn oníbíríkì síbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni èrò tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Ìjà náà bá wọn wọlé.

Àwọn tó ti wà láti ilé aránṣọ ń pe ara wọn ní Ará Yàrá. Wọ́n ń pe àwọn tó dé lẹ́yìn ní Ará Bíríkì, nítorí pé ilé tó ti parí ni wọ́n wá bá. Ará Yàrá ń jókòó lápá ọ̀tún, Ará Bíríkì lápá òsì. Bí àwọn ti ọ̀tún bá dá orin, àwọn ti òsì á panu mọ́. Wọ́n jà lórí agogo, wọ́n jà lórí àga, wọ́n jà lórí ẹni tí yóò gbé àgbélébùú ṣíwájú. Ara Kristi kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbà.

Ìyá Pẹpẹ kì í bá wọn pariwo. Iṣẹ́ tirẹ̀ dá yàtọ̀: òun ló ń fọ aṣọ pẹpẹ. Jẹ́ kí iṣẹ́ yìí yé ọ dáadáa. Aṣọ kékeré kan wà tí Fáda máa ń tẹ́ sábẹ́ Ara Olúwa lórí pẹpẹ. Èérún tí ojú kò lè rí lè kù sára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi lásán, kó sì da omi àkọ́kọ́ yẹn sí ilẹ̀ tó mọ́, níbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bí aṣọ yòókù, omi ọṣẹ sì lè gba gọ́tà lọ. Ìyá Pẹpẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí pẹpẹ ti wà nínú yàrá rẹ̀, kò sì ṣì í ṣe rí.

Fáda tuntun kan dé, ọ̀dọ́ ni. Ó rí i pé ojú Ìyá Pẹpẹ ti ń ṣe bàìbàì, ó sì fẹ́ bá àgbà sọ ẹrù kalẹ̀. Kò bi í, ó kó aṣọ pẹpẹ fún obìnrin alágbàfọ̀ kan tí kò tíì pẹ́ nínú ìjọ. Ará Bíríkì sì ni.

Nígbà tí Ìyá Pẹpẹ dé Mísà lọ́jọ́ Ìsinmi, ó rí aṣọ náà lórí pẹpẹ. Ó funfun ju bó ṣe ń rí lọ́wọ́ tirẹ̀ lọ. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ débi pé igun rẹ̀ dúró. Kò gbọ́ ìwàásù, kò gbọ́ orin. Aṣọ ló ń wò. Nígbà tí Fáda ṣàlàyé fún un níta, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣeun, Fáda. Ó tiẹ̀ ti ń rẹ̀ mí." Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun ló tu jáde.

Láti ọjọ́ náà, owú kò jẹ́ kó gbádùn. Ó jowú ọwọ́ obìnrin náà. Ó jowú bí Fáda ṣe ń kí i. Ó jowú ọmọbìnrin kékeré tí alágbàfọ̀ náà bí, tó ń wọ yàrá ìmúra Fáda, tó ń jáde bó ṣe wù ú. Bó bá ń ránṣọ lọ́wọ́, á dédé dúró, á máa pòṣé. Ó tiẹ̀ ń bínú sí Jésù fúnra Rẹ̀ pé Ó gbà kí ẹlòmíì máa fọ aṣọ Òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gba ẹ̀yìn ilé alágbàfọ̀ kọjá. Kò ní ohunkóhun í ṣe níbẹ̀, owú ló fà á lọ. Ó rí obìnrin náà tó gbé báfù aṣọ pẹpẹ, tó sì da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà. Inú Ìyá Pẹpẹ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Lẹ́yìn náà ló wá wo omi náà, ó rí ìfófó ọṣẹ lójú rẹ̀. Ó wo ìdí òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ rin gbingbin. Ó mọ̀. Bí òun kò bá mọ̀, ta ni ìbá mọ̀? Omi àkọ́kọ́ ti lọ síbi tó yẹ, omi ọṣẹ ló lọ sí gọ́tà.

Ó dé àárín àwọn Ará Yàrá, ó ní, "Mo fi ojú mi méjèèjì rí i. Ó da omi aṣọ pẹpẹ sí gọ́tà."

Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn náà. Ìdajì òtítọ́ ni, àwọn tó gbọ́ ọ sì fi ẹnu ara wọn parí rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń wí káàkiri pé obìnrin náà da Ara Olúwa sí gọ́tà, ó sì tún fẹsẹ̀ tì í lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn Ará Yàrá ní àwọn kò ní gba Ara Olúwa lórí aṣọ aláìmọ́. Àwọn Ará Bíríkì ní kí wọ́n padà sí yàrá wọn. Wọ́n di ara wọn mú lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, ẹ̀wù ya, fìlà fò. Katikísì, olùkọ́ni ìjọ, tó fẹ́ là wọ́n, gba ìgbájú lọ́tùn-ún, ó tún gbà á lósì. Bíṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ pé bí wọ́n bá tún jà, òun yóò ti ilé ìjọsìn náà pa.

Ẹ̀rù ba Fáda. Kí àlàáfíà lè wà, ó gba aṣọ pẹpẹ lọ́wọ́ alágbàfọ̀, ó kó o padà fún Ìyá Pẹpẹ. Alágbàfọ̀ kò rojọ́ jìnnà. Ó ní, "Fáda, mo rẹ ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi." Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Kò wá sí Mísà mọ́.

Ìyá Pẹpẹ ti borí. Àwọn Ará Yàrá wá kí i kú oríire, wọ́n jókòó yí i ká níbi tó ti ń fọ aṣọ náà. Ó ń ròyìn bí Fáda ṣe rọra kó aṣọ wá bí ọmọ tó jẹ̀bi. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fà á yọ, ó gbé báfù, ó sì da omi àkọ́kọ́ yàà sí gọ́tà.

Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ létí gọ́tà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bu omi ìdọ̀tí.

"Kí lẹ ń wá, Ìyá Pẹpẹ?"

"Abẹ́rẹ́ mi ló já bọ́."

Gbogbo wọn bá a wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù. Kò sẹ́ni tó fura. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó tò bí àwọn yòókù láti gba Ara Olúwa. Nígbà tó kàn án, ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Ó yí padà níwájú gbogbo ìjọ, ó gba ilé lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń ta búrẹ́dì, Ará Yàrá lòun náà, wọ́n jọ fi orí ru yanrìn ni. Òun ló wá wò ó. Ó bá a lórí àga, ẹ̀rọ ìránṣọ ń bẹ níwájú rẹ̀ láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Mo da omi àkọ́kọ́ sí gọ́tà."

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"Rárá. Ọ̀rọ̀ ló gbà mí lọ́kàn."

Oníbúrẹ́dì mí kanlẹ̀. "Àṣìṣe nìyẹn. Àṣìṣe kì í gba oúnjẹ lẹ́nu àgbàlagbà báyìí. Kí ló kù?"

Ìyá Pẹpẹ ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá ní, "Ìdí òdòdó ilé alágbàfọ̀ tutù lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i. Mi ò sọ ọ́."

Oníbúrẹ́dì dìde dúró. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo pàdé obìnrin yẹn lójú títì, ó kí mi, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ni. Omi tó o dà sí gọ́tà, àṣìṣe ni. Ọmọ ọlọ́mọ tó o dà sí gọ́tà, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe."

"Mo fẹ́ràn pẹpẹ yẹn ni," ni Ìyá Pẹpẹ wí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, pẹpẹ lo fẹ́ràn. O ò rántí Ẹni tó wà lórí ẹ̀. Torí pé Ó kọ́kọ́ dé sí yàrá ẹ, o rò pé tìẹ nìkan ni. Jésù kì í ṣe ayálégbé ẹ. Ó kú fún ìwọ, Ó kú fún alágbàfọ̀. Lọ bá A lónìí, kó o bẹ̀ Ẹ́ bí ẹni tí ò ní yàrá kankan tó fẹ́ fún Un."

Ó lọ. Ó kúnlẹ̀ níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó sọ fún Fáda níbẹ̀, ti Ọlọ́run ni, n kò sì lè sọ ọ́ fún ọ. Ohun tí gbogbo àdúgbò rí ni pé nígbà tó jáde, kò gba ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó lọ tààrà sí ilé alágbàfọ̀.

Obìnrin náà ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti dín kù, ìdì aṣọ tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyá Pẹpẹ kúnlẹ̀ fún un, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dìde. Ẹ tó bí mi."

"Mi ò ní dìde. Mo mọ òótọ́, mo sì fi owú bò ó mọ́lẹ̀. Dárí jì mí, ọmọ mi."

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà jó aṣọ oníaṣọ. Ó sunkún díẹ̀. Ó ní, "Mo dárí jì yín. Àmọ́ èmi nìkan kọ́ ni mo gbọ́ ọ, ìyá. Ọmọ ìyá gọ́tà ni wọ́n ń pe ọmọ mi níléèwé. Ta ló máa bá mi sọ fún wọn?"

Ọ̀rẹ́ mi, ibí ni ìrònúpìwàdà ti ń dun ni. Ẹkún nìkan kò tó o.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ìyá Pẹpẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ Fáda. Ó dìde níwájú ọ̀tún àti òsì. Ó sọ ti ìfófó ọṣẹ, ó sọ ti ìdí òdòdó, ó sọ ti omi tí òun fúnra òun dà. Ó ní, "Obìnrin yẹn ò jẹ̀bi. Èmi ni mo jẹ̀bi. Owú ni mo jẹ. Ẹ bá mi bẹ Jésù." Lápá ọ̀tún, àgbà ọkùnrin kan pòṣé, ó ní Ìyá Pẹpẹ ti dójú ti àwọn. Àwọn kan nínú Ará Yàrá kò kí i mọ́ títí di òní.

Lọ́jọ́ náà, òun ló tò kẹ́yìn láti gba Ara Olúwa. Nígbà tó kàn án, ẹnu rẹ̀ ṣí. Ó ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi rí títí di wákàtí yẹn, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí òun ti fi ṣe Ìyá Pẹpẹ.

Alágbàfọ̀ padà wá sí Mísà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ fífọ aṣọ pẹpẹ. Kí n má parọ́ fún ọ, ìjọ náà ṣì ń jà lórí àga. Ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù kò tì í pa, àwọn kan nínú Ará Yàrá sì ti ń jókòó lápá òsì.

Ó kù sí ọ lọ́wọ́ o, ìwọ tí o ń ka ìwé yìí. Ta ni ìwọ ń jowú rẹ̀? Má sọ fún mi pé o kò parọ́ mọ́ ọn. Kí ni o rí tí o kò sọ? Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ọ, kí o sì ní àga tìrẹ nínú ìjọ. Kò sí àga kankan nínú ìjọ tó ga tó láti gba ọkàn là. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló ń wẹ owú nù kúrò lọ́kàn, ọ̀fẹ́ ni Ó sì ń fi í fún ẹni tó bá jẹ́wọ́.

Ké pè É níbi tí o wà yìí. Sọ pé, "Olúwa, èmi ni mo jẹ̀bi." Yóò gbọ́. Má ní ó di ọ̀la, nítorí o kò mọ ẹni tí yóò jí nínú ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ àti ẹni tí o ṣẹ̀. Bí o bá ti gbàdúrà tán, o mọ ilé ẹni náà. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú.