Máàkì Èké tí Tawonga Fún Fídíò

Ẹnu tíṣà là sílẹ̀ gbàgà lójú ẹ̀rọ, kò sì pa dé mọ́. Gbogbo kíláàsì ń wò ó. Nígbà tí àwòrán náà yóò fi ta jí, ojú tíṣà ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo tó já lulẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn.

"Ẹ gbà wá o! Físíìsì ti rì sínú adágún!" Khumbo pariwo. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹni tí omi ti mù dé ọrùn ni.

Ilé-ìwé wọn tó wà létí adágún Malawi kò ní tíṣà físíìsì mọ́. Obìnrin tó ń kọ́ wọn nínú fídíò láti ìlú Mzuzu ni gbogbo ìrètí wọn, ìdánwò àṣejáde sì ti ń kanlẹ̀kùn. Àwọn tó yá wọn ní ẹ̀rọ ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí àwòrán náà kò bá gba máàkì mẹ́ta nínú márùn-ún, àwọn yóò kó ẹrù àwọn lọ sí ilé-ìwé mìíràn.

Tawonga, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì náà, ni ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Msiska, gbé iṣẹ́ wíwọ̀n àwòrán náà fún. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń lò kì í ṣe ti títà. Àwọn tó ṣe é fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó sì tún un ṣe bó bá fẹ́. Wọn yóò fi fídíò kan ránṣẹ́ láti Mzuzu, ètò náà yóò fi èyí tó gúnlẹ̀ wé èyí tó gbéra, yóò ka ohun tó sọnù lójú ọ̀nà, yóò sì fún un ní máàkì.

Máàkì méjì ló fún un. Tawonga tún un wọ̀n. Méjì náà ni.

Adágún ti gbé bàbá rẹ̀ lọ, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní usipa, tí màmá rẹ̀ ń sá lóòrùn ni wọ́n fi ń jẹun. Bí kò bá yege físíìsì, ìdí àtẹ ẹja ló ń padà sí.

Khumbo tẹ̀ sí etí rẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo ní inú ètò yẹn ṣí sílẹ̀? Wọlé síbẹ̀, kí o yí ibi tó ti ń yọ máàkì kúrò. Ta ló máa mọ̀?"

"Irọ́ nìyẹn, Khumbo."

"Ta wá ni irọ́ náà máa pa? Àbí kí gbogbo wa padà sídìí àwọ̀n torí pé Tawonga fẹ́ di áńgẹ́lì?"

Ó wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé kó má ṣe é. Ó yí ìlà kan ṣoṣo padà. Máàkì mẹ́rin jáde, wọ́n sì gbé e sókè bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Inú àwọn tó ni ẹ̀rọ dùn débi pé wọ́n fa íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé àwòrán náà wá dé ilé ìwòsàn tó kọjú sí ilé-ìwé, kí nọ́ọ̀sì lè máa fi aláìsàn han dókítà ní Mzuzu. Tawonga gbọ́, kò sì lọ tú àṣírí máàkì èké náà.

Nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀, Lusungu, tẹ ìwọ̀ ẹja tó ti dípẹtà. Ẹsẹ̀ náà wú. Ọjọ́ tí màmá wọn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀fúùfù mwera ń jà láti orí omi, ó ń tẹ igi wálẹ̀.

"Dókítà, abẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń di dúdú o," Nọ́ọ̀sì Mwiza wí.

"Pupa ni mo rí, n kò rí dúdú," dókítà dáhùn láti inú ẹ̀rọ. "Bóyá òjìji ni. Máàkì mẹ́rin ni wọ́n kọ fún àwòrán yín, kò lè purọ́. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́, kí ẹ máa ṣọ́ ọ."

Tawonga dúró lẹ́yìn màmá rẹ̀. Ó rí bí àwọ̀ ṣe dà rú lójú ẹ̀rọ, tí pupa da bo dúdú. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀, ìtìjú tì í padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ náà ti ń rùn. Ara Lusungu gbóná bí ààrò, ó ń sọ ìsọkúsọ. "Àǹtí mi, ẹ bá mi lé àwọn ẹja yìí. Wọ́n ń jẹ mí lẹ́sẹ̀."

Tawonga figbe ta, ó sáré tọ nọ́ọ̀sì lọ. "Irọ́ ni máàkì yẹn! Èmi ni mo yí i! Dókítà kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù pè é, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí!"

Nọ́ọ̀sì wò ó bí ẹni wo ejò, àmọ́ kò sí àyè ìbínú. Dókítà gbọ́ tán, ó ké: "Ẹ gbé e wá kíákíá!" Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó ẹja ló gbé wọn gun òkè lọ sí Mzuzu. Màmá kẹ̀yìn sí Tawonga títí wọ́n fi dé. Ì bá kúkú gbá a létí.

Àwọn dókítà gba ẹ̀mí Lusungu là, ṣùgbọ́n wọ́n gé àwọn ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ẹsẹ̀ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Eérú tí Tawonga dà, ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ ló bà lé.

Ó lọ jẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Msiska. Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé méjì ni òpin ọ̀rọ̀? Ká ní o mú un wá bá mi ni, à bá jọ wá ohun tó fà á."

Ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún ẹlòmíràn. Wọ́n tún gba ojúlówó ètò náà wá bí àwọn tó ṣe é ti fi í sílẹ̀, wọ́n sì fi wọn àwòrán lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ rọ̀ àti lọ́jọ́ tí mwera jà. Gbogbo ìgbà tí mwera bá dé ni máàkì ń já. Òpó tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń mì lókè. Oníṣẹ́ kan gùn ún, ó dè é mọ́lẹ̀ ṣinṣin, oòrùn kò tíì kan àtàrí tó fi sọ̀ kalẹ̀. Àwòrán náà sì gba máàkì tó tó, láìsí èké.

Òṣùwọ̀n kì í dá àrùn sílẹ̀, ó kàn ń fi í hàn ni. Ẹni tó bá pa òṣùwọ̀n lẹ́nu mọ́, ọ̀nà ìwòsàn ló dí.

Lusungu tún ń kọ́ ìrìn létí adágún, ó di èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Àǹtí mi, ṣé àwọn ìka mi á tún hù?"

Ì bá rọrùn fún Tawonga láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀, ó wò ó lójú.

"Rárá, àbúrò mi. Wọn ò ní hù mọ́."