Ìbọn tí Kò Lé Ìmàdò

"Bọ́lá, yára rìn, kí oòrùn má bàa ká wa mọ́nà," ni Ìyá Bọ́láwálé wí láìbojúwẹ̀yìn. Agbọ̀n wà lórí rẹ̀, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, orin sì wà lẹ́nu rẹ̀. Orin ìsọjí ìjọ CAC ni, ó sì ń kọ ọ́ bí ẹni pé odindi ẹgbẹ́ akọrin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Ara-Èkìtì láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, àfi tó bá dití ni kò fi ní mọ̀ pé Ìyá Bọ́láwálé ń lọ sóko.

Bọ́láwálé mọ̀ọ́mọ̀ ń fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dúró sídìí ẹ̀rọ omi tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun àti akọrin yìí ló jọ ń lọ. Ẹ̀pa kò bóró mọ́, wọ́n ti rí i. "Ẹ bá wa kí àwọn áńgẹ́lì oko o," ni Dàpọ̀ wí, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Etí Bọ́láwálé gbóná. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì ti dé ọjọ́ orí tí ọmọ máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì nígbà tí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ sókè.

Kì í ṣe pé obìnrin náà kàn fẹ́ràn ariwo. Oko wọn wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, níbi tí kòkó ti ṣú dùdù, tí ìmàdò sì máa ń wá hú ẹ̀gẹ́ jẹ. Gbogbo àwọn tó ń gba ọ̀nà yẹn ló máa ń pariwo bí wọ́n bá ti wọ abẹ́ kòkó. Àwọn ọkùnrin a máa ké sí ara wọn láti oko dé oko, àwọn mìíràn a máa fi àdá lu ọkọ́, àwọn obìnrin a sì máa kọrin. "Ẹran tó bá gbọ́ wa, á yà fún wa," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí. "Èyí tá a bá já lù lójijì nínú ugbó ni kí á bẹ̀rù, pàápàá tó bá ní ọmọ lẹ́yìn."

Bọ́láwálé ti gbọ́ èyí láti kékeré, kò sì kà á kún. Ó ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún Victor, ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ tó ń gun ọ̀kadà ní Aràmọkọ, ó ní ó ti sú òun kí òun máa fi orin sá fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó.

"Ìbọn ló yẹ ọkùnrin," ni Victor wí. Ó mú un wọ yàrá rẹ̀ ní Aràmọkọ, ó sì fa nǹkan kan tí wọ́n fi àkísà wé yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìbọn ìléwọ́ ni, àwọn alágbẹ̀dẹ ìkọ̀kọ̀ ló rọ ọ́, kò sì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. "Mú un lọ ná. Bí ìmàdò bá yọjú, fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀."

"Ẹ ṣé gan-an, Bọ̀ọ̀dá Victor."

Bọ́láwálé rò pé ìfẹ́ ni. Kò mọ̀ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara àwọn ọlọ́kadà wò lójú ọ̀nà, pé ibi tí Victor máa kó ẹrù ẹ̀bi rẹ̀ pamọ́ sí ló ń wá. Bó ṣe ń padà sí Ara, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìbọn náà wà nísàlẹ̀ àpò rẹ̀, lábẹ́ gààrí àti ike omi. Ó wá ku ìṣòro kan. Bí orin bá ti lé gbogbo ẹran igbó lọ tán, ta ni ìbọn fẹ́ bá jà? Yàtọ̀ sí ìyẹn, Dàpọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á tún ti wà nídìí ẹ̀rọ omi.

"Màámi," ni ó wí bí wọ́n ṣe ń jáde, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọrin lónìí. Orí ń fọ́ mi."

Ìyá rẹ̀ dúró, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Ṣé kí o padà sí ulé ni? Mo lè dá lọ."

"Rárá, mà. Kí ibi gbogbo ṣáà dákẹ́ ni."

"Ó dáa, ọmọ mi. Mo ti dákẹ́."

Ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Wọ́n kọjá lára àwọn ọmọkùnrin nídìí ẹ̀rọ omi, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Inú Bọ́láwálé dùn débi pé ó juwọ́ sí wọn.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ewé kòkó tó wà nílẹ̀ ti rin gbingbin, ẹsẹ̀ wọn kò sì dún. Ìyá rẹ̀ ló wà níwájú. Bí wọ́n ṣe yà níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí odò, abo ìmàdò kan ló wà láàárín ọ̀nà, ó ń fi imú tú ilẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé orí sókè. Àárín òun àti Ìyá Bọ́láwálé kò ju inú yàrá kan lọ.

"Má mira," ni ìyá rẹ̀ sọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, díẹ̀díẹ̀. Ẹran náà dúró, ó ń wò ó. Ó ṣeé ṣe kí ó kó ọmọ rẹ̀ lọ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Bọ́láwálé ti fa ìbọn yọ. Ó dijú, ó sì yìn ín.

Ọta náà wọnú igi kòkó lọ. Ìró rẹ̀ gba gbogbo igbó, àwọn ọmọ ìmàdò fọ́n ká, ìyá wọn sì kọjú sí ẹni tó rí níwájú rẹ̀. Ìyá Bọ́láwálé ni.

Kí ni akin wa ṣe? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó sá ni. Ó ju ìbọn sínú koríko, ó gun igi obì kan, ó sì dì mọ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ó gbọ́ igbe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá Ẹ̀yínadé, tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà, ló fi ariwo àti ajá lé ẹran náà lọ. Ìgbà tí Bọ́láwálé gbọ́ ohùn bàbá náà ló tó rọra bọ́ sílẹ̀. Ìmàdò ti fi eyín ya itan ìyá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti rin ìró rẹ̀, bàbá sì ń fi gèlè rẹ̀ di ojú ọgbẹ́ náà.

"Ta ló yìnbọn?" ni Bàbá Ẹ̀yínadé bèèrè.

"N kò mọ̀, sà. Ó ní láti jẹ́ ọdẹ ni. Èmi ń fi àdá lé e ni."

Irọ́ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun lanu.

Wọ́n fi ọ̀kadà gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù kan ní Ìjerò, wọ́n sì rán itan rẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìròyìn ti ṣáájú wọn dé ìlú pé Bọ́láwálé fi àdá lásán bá ìmàdò jà nítorí ìyá rẹ̀. Dàpọ̀ wá sí ọsibítù, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Pásítọ̀ wọn ní òun máa pè é síwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Bọ́láwálé ń dúpẹ́, ó sì ń wolẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ó wá yé e pé ìyìn tí kò tọ́ síni burú ju ẹ̀sín lọ. Lójú ara rẹ̀, olè ni òun.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ yíjú sí i lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bọ́lá, orí tó ń fọ́ ọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ò tíì lo oògùn. Ní kí nọ́ọ̀sì fún ọ ní nǹkan."

Bọ́láwálé kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè. "Orí kò fọ́ mi, Màámi," ni ó wí, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ìbọn Victor, àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ omi, igi obì tó sá gùn. Ẹkún kò jẹ́ kó sọ ọ́ tààrà.

"Mo rí ọ lórí igi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo dúpẹ́ pé o gùn ún. Ìyẹn kò dùn mí." Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ohùn mi ló wá ń tì ọ́ lójú?"

Ì bá sàn fún Bọ́láwálé kí ìyá rẹ̀ bú u, tàbí kí ó gbá a létí. Ojú tì í débi pé ó fi orí pamọ́ sínú aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìbọn náà dà?"

"Ó ṣì wà nínú koríko, lẹ́bàá odò."

Ìyá rẹ̀ gbìyànjú láti dìde, ìrora dá a padà. "Ẹ̀yínadé kékeré máa ń já ewé níbẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá fọwọ́ kàn án ńkọ́? Dìde, lọ bá Bàbá Ẹ̀yínadé nísinsìnyí. Má dúró de ọjọ́ Ìsinmi náà, kí o má bàa tún gba ìyìn mìíràn."

Bọ́láwálé lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ẹ̀yínadé, ó sì sọ òótọ́. Bàbá náà kò nà án. Ó ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tìrẹ kò tiẹ̀ rìn jìnnà." Wọ́n jọ lọ wá ìbọn náà rí, bàbá sì ní òun kò ní bá ẹnikẹ́ni fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ó fi fóònù pe bàbá Bọ́láwálé tó ń wa mọ́tò ní Àkúrẹ́, ìyẹn dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé ìbọn náà lọ bá àwọn ọlọ́pàá.

Ọ̀gá tó jókòó sídìí tábìlì kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó yí ìbọn náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Nítorí ìmàdò ni, sà."

"O wá pa ìmàdò náà?"

"Rárá, sà."

"Ta ló wá fara pa?"

"Màámi ni, sà."

Ọ̀gá náà ṣàlàyé pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kiri. Bàbá Bọ́láwálé bọ́ fìlà rẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, níwájú ọmọkùnrin tó lè bí, ó sì ń bẹ̀bẹ̀. "Ọmọ mi ni, sà. Ẹ bá mi ṣíjú àánú wò ó."

Ọ̀gá náà sáré dìde, ó ní, "Ẹ dìde, bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá kò dìde. Bọ́láwálé wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò rí ìtìjú rí kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Nítorí pé fúnra rẹ̀ ló gbé ìbọn náà wá, wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ ṣe onídùúró rẹ̀, kí ọmọ náà sì máa wá yọjú sí wọn. Victor kò rí irú oore bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́pàá lọ mú un ní Aràmọkọ. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi náà dé, Bọ́láwálé bọ́ síwájú ìjọ lóòótọ́, ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun rere tí òbí yín ń ṣe kì í ṣe ìtìjú, bó ti wù kí àwọn ẹgbẹ́ yín fi í rẹ́rìn-ín tó. Ohun ìjà kì í sọ ojo di akin, ewu ló máa ń mú un lọ bá. Ẹni tó bá sì ń sá fún ẹ̀sín ọmọ aráyé, bó bá kó sínú ẹ̀sín gidi, òun nìkan kọ́ ló máa jẹ ẹ́, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á bá a jẹ nínú rẹ̀.

Ìyá Bọ́láwálé ṣì ń tiro díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, Bọ́láwálé ni yóò sì dáhùn.