Ẹnu Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀fun Àbúrò

"Ṣé o máa ń mu sìgá tàbí ṣíṣà?"

Dókítà tí yóò fi oògùn kun Tòhíbù lóorun ló bi í bẹ́ẹ̀, ní ọsibítù kan ní Sharjah, ìlú Lárúbáwá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai. Apẹ́ńdíìsì ọmọ náà, ìfun kékeré inú ikùn, ti wú. Iṣẹ́ abẹ kò ṣeé sún síwájú mọ́.

Kí Tòhíbù tó la ẹnu, Mùráínà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fèsì. "Rárá o, dókítà. Ọmọ ilé kéú ni. Èmi tí mò ń ṣe sìkiọ́rítì ní Al Qusais ní Dubai kó lè ka yunifásítì, mo mọ̀ ọ́n."

Tòhíbù tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí òun àti Gbọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti ń fa ṣíṣà, èéfín olóòórùn èso tí wọ́n ń fi ọ̀pá fà, ní Bur Dubai. Lánàá pàápàá, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó fẹ́ kọ ṣíṣà náà, ṣùgbọ́n Gbọ́lá fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Habibi, ọ̀rẹ́ mi, òórùn èso lásán lò ń sá fún? Lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ kó po mílíìkì fún ẹ." Ó sì fà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú àjèjì? Nílé wọn, bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọmọdé a panu mọ́.

"Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí ni," ló sọ.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ ní ìrọ̀rùn. Ìgbà tó ń jí ni ọ̀ràn dé. Wọ́n fa ọ̀pá tó fi ń mí kúrò lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ọ̀fun sì pa dé pinpin. Àyà ń fà, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Apá rẹ̀ kò ṣeé gbé. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dínkù ni ohùn ẹ̀rọ ń rẹlẹ̀, títí ó fi dà bí ẹni tó ń kérora nínú kànga. Ó fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohùn kò sí.

Wọ́n tẹ ìbòmú mọ́ ọn nímú àti lẹ́nu, wọ́n sì fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọlé títí ọ̀fun fi là.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, dókítà wá síbi ibùsùn rẹ̀. "Ọ̀fun tí èéfín ti ń yọ lẹ́nu ló sábà máa ń ṣe báyìí. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti múra dè é."

Mùráínà bẹ̀rẹ̀: "Dókítà, mo ti sọ fún yín pé..."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ni Tòhíbù wí, ohùn rẹ̀ ha. "Ẹ jẹ́ n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo máa ń fa ṣíṣà."

Mùráínà kò pariwo. Ó fa àga sún mọ́ ibùsùn. "Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́ yìí."

"Àwa méjèèjì ni, ẹ̀gbọ́n."

Tòhíbù kò fa ṣíṣà mọ́. Síbẹ̀, bí oorun bá ti fẹ́ gbé e lọ, ohùn tó ń rẹlẹ̀ yẹn a tún dé, Tòhíbù a sì ta gìrì, a di ọ̀fun mú.

Ta ló kọ́ wa pé irọ́ ìtìjú ni ọ̀wọ̀? Ẹni tó bo àrùn mọ́lẹ̀ ti kọjá oore oníṣègùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí ọmọ dáhùn. Ẹ̀gbọ́n lè bá ni ru ẹrù, kò lè bá ni mí.