Ikú tí Ṣádì Fi Gba Kọ́kọ́rọ́

"Tún un fì, jẹ́ kí n yà á dáadáa!" Títò ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé fóònù sójú bí ayàwòrán gidi.

Ṣádì tún un fì. Ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ létí odò Náílì, ó ń fi ìka kan yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn nílé. Ó ti ti gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò, torí ó ti ṣàkíyèsí pé bẹ́ẹ̀ làwọn ọlọ́kọ̀ máa ń ṣe. Bó ṣe tún fẹ́ yí i báyìí, òrùka kọ́kọ́rọ́ yọ níka rẹ̀, ó fò kọjá àwọn òkúta etí odò, ó sì bọ́ sómi. Ariwo tó pa kò tó nǹkan.

Títò sọ̀ fóònù kalẹ̀. "Ó ti wọlé," ló wí, bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ṣádì bọ́ bàtà, ó wọ omi dé orókún, ó tún wọ̀ ọ́ dé ìbàdí. Ẹrọ̀fọ̀ nìkan ló ń bù. Ó bù ú títí apá fi ń ro ó, kò rí kọ́kọ́rọ́ kankan.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kùwéètì, ọ̀dọ̀ Hájì Ṣáúkì, bàbá ìyá rẹ̀, ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé nínú ìlú Ràṣíìdì, àmọ́ ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ tí èyí ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni Hájì ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò ní ohun púpọ̀, àmọ́ ó ní Fíátì àtijọ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí inú ẹyin, kò sì sí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ náà nílùú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, ó máa ń kọ́ Ṣádì ní ọkọ̀ wíwà ní pápá tó wà lẹ́yìn oko déètì. Orí tábìlì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà, ní gbangba. Ẹnìkan bi í rí pé ṣé ẹ̀rù kò bà á pé ọmọ lè gbé ọkọ̀ jáde. Hájì wo onítọ̀hún tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ṣádì ti sọ fún mi pé òun ò ní fọwọ́ kàn án tí mi ò bá sí níbẹ̀. Kí ló tún kù?" Ohun tí Ṣádì bá ti sọ, Hájì kì í wádìí rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó gba ọmọ yìí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Títò ti fi ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. "Awakọ̀ ọjọ́ Jímọ̀! Awakọ̀ tí kò lè wakọ̀ láìsí baba!" Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Hájì jẹ ẹ̀wà àti ẹja díndín tán lọ́sàn-án yìí, tó lo oògùn rẹ̀, tó sì sùn lọ fọnfọn, Ṣádì mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì.

"Má dààmú mọ́," Títò wí fún un létí odò. "Jẹ́ ká pe Ọ̀gá Hílímì tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ àtijọ́ lèyí, kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Wọ́n á gé òmíràn fún ẹ níbí, kí baba ẹ tó jí."

Ọ̀gá Hílímì dé lórí ọ̀kadà, àpótí irinṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ tó rí àwọ̀ ọkọ̀ náà ló rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ̀ Hájì Ṣáúkì mà rèé! Àwọn gan-an dà?"

"Wọ́n wà nílé, ọ̀gá. Bàbá àgbà mi ni. Àwọn ló rán mi."

"Wọ́n rán ẹ, o wá fi aṣọ wẹ odò." Ọ̀gá Hílímì tún rẹ́rìn-ín, ó fa fóònù yọ lápò. "Kò burú. Àmọ́ n kì í ṣí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láìgbọ́ ohùn ẹni tó ni ín. Jẹ́ n pè wọ́n, n tiẹ̀ kí wọn."

Ṣádì rí i tí àtàǹpàkò ọkùnrin náà ń wá orúkọ lójú fóònù. Ó fẹ́ sọ pé ara Hájì kò yá. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ yàtọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má pè wọ́n. Wọ́n ti kú."

"Ìnnà lilahi!" Ọ̀gá Hílímì jókòó lórí òkúta bí ẹni tí wọ́n tì. "Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí. Ojú oorun ni. Ìtìjú ló jẹ́ kí n sọ pé àwọn ló rán mi. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sómi, wọ́n sì nílò ọkọ̀ nílé."

"Mo ṣì rí wọn níbi ìrun Súbúhì lánàá." Omijé ti ń bọ́ lójú àgbàlagbà náà, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́. "Ọmọ mi, o ò mọ ohun tí bàbá yẹn ṣe fún mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé àga wá jókòó síwájú ilẹ̀kùn mi, kí àwọn tó ń kọjá lè rò pé oníbàárà wà nílẹ̀."

Ó fa Ṣádì mọ́ra. Ara ọmọ náà ń gbọ̀n, ẹ̀rù ló ń bà á, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Hílímì rò pé ọ̀fọ̀ ni, ó tún dì í mọ́ra sí i. Ṣádì mọ̀ pé ìsinsìnyí ló yẹ kóun sọ òótọ́. Ó fi ojú pamọ́ sí èjìká ọkùnrin náà. Nígbà tó máa gbójú sókè, Títò ti ń wo sálúbàtà ara rẹ̀, ó ní ìyá òun ń pe òun, ó sì lọ.

Ọ̀gá Hílímì mú kọ́kọ́rọ́ kan tí wọn kò tíì gé, ó fi láítà rá a títí èéfín fi mú un dúdú. Ó kì í bọ ihò ilẹ̀kùn, ó yí i díẹ̀, ó yọ ọ́, ó gbé e sójú oòrùn. Ibi tí èéfín bá ti ha kúrò lára rẹ̀, ibẹ̀ ló ń fi ayùn irin yún, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gé èékánná ọmọ tuntun. Ó ń yún un, ó ń fi apá aṣọ nu imú. Ó ń tún un kì bọ̀ ọ́, ó ń dárúkọ Hájì, ó ń gbàdúrà fún un. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ọkọ̀ sì dáhùn, Ṣádì na owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i.

"Kí n gbowó lórí òkú Hájì? Dá a padà sápò."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Háà, ọmọ mi! Òní náà la máa sin wọ́n. Ta ló máa gbọ́ tí a ò bá sọ? Máa lọ bá àwọn ará ilé. Ìyẹn kì í ṣe ẹrù ọmọdé, fi í sílẹ̀ fún èmi." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Hájì ṣì ń hanrun nígbà tí Ṣádì délé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sórí tábìlì, ó fi ìwé ìròyìn bò ó, ó pààrọ̀ ṣòkòtò. Hájì jí, ó kírun Àsárì, ó ní kí Ṣádì bá òun po tíì. Àwọn méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè.

"Ṣé kò sí o?" Hájì bi í.

"Kò sí, Baba."

Tíì kò tíì tutù tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí fi ké. Ó ní Hájì Ṣáúkì Abdul-Jáwàdì, òṣìṣẹ́ iná mànàmáná tó ti fẹ̀yìn tì, ti lọ sínú àánú Ọlọ́run, wọn yóò sì kírun sí i lára lẹ́yìn Màgàríbì.

Hájì gbé ife tíì dúró níwájú ẹnu. Ó wo tíì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ṣádì, fọwọ́ kàn mí," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi tó mi létí, àbí?"

Ṣádì kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà sì kúrò lójú Hájì díẹ̀díẹ̀, torí igbe kan ti sọ níta. Nágátì, àbúrò Hájì obìnrin, ló sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, kò wọ bàtà, ó ń bu erùpẹ̀ sórí.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi! Ta ni mo tún ní láyé!"

"Nágátì! Mo wà níbí! Wo òkè!"

Ó wo òkè. Ó rí i. Ó wó lulẹ̀, àwọn aládùúgbò sì sáré gé àlùbọ́sà, wọ́n fi sí i nímú kó lè jí. Hájì di ògiri mú, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí orókún tó ti ń dùn ún tipẹ́, Ṣádì tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ti ń gbé àga bọ̀. Obìnrin kan ti gbé ìkòkò oúnjẹ dání.

"Ta ló ṣe irú èyí fún mi?" Hájì béèrè.

"Mi ò mọ̀," Ṣádì wí.

Irọ́ yẹn kò pẹ́ rárá. Ọ̀gá Hílímì yọ ní kọ̀rọ̀, òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé pósí mọ́ṣáláṣí lé èjìká. Bó ṣe rí Hájì lórí ìdúró, ó jọ̀wọ́ pósí, díẹ̀ ló kù kó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ó sáré wá, ó ń fọwọ́ kan ojú Hájì, ó ń fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ń fẹnu ko orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ṣádì. Kò tiẹ̀ bínú.

"Ọmọ yìí ló sọ fún mi." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo sunkún lójú ẹ. Mo sunkún, o sì ń wò mí."

Ojú ti Ṣádì dé egungun. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Gbogbo àdúgbò ń wò ó, ṣùgbọ́n ojú Hájì nìkan ni kò lè wò.

"Kí lo fi ikú mi rà?" Hájì bi í.

"Kọ́kọ́rọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ kí ni?"

"Ti ọkọ̀, Baba. Mo gbé e jáde nígbà tí ẹ sùn. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sómi. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Hájì kò gbá a létí. Ì bá sàn fún Ṣádì ká ní ó gbá a. Ó gba àga lọ́wọ́ aládùúgbò kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà.

"Nílé òkú, ará ilé ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́," ló wí. "Ìwọ lo pè wọ́n. Dúró síbí."

Ṣádì dúró. Wọ́n ń bọ̀ láti gbogbo ìlú, torí kò sí ẹni tí kò gbọ́ ìkéde náà. Olúkúlùkù á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní, "Kí Ọlọ́run fi ọjọ́ tó kù nínú tiwọn kún tìrẹ." Òun náà á sì ní láti dáhùn pé, "Wọn ò kú. Èmi ni mo parọ́." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ kí Hájì. Olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ ní kó tún un sọ, ó rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Bàbá Títò fa ọwọ́ yọ, ó nù ún mára aṣọ. Obìnrin tó gbé ìkòkò wá gbé e kalẹ̀, ó yí padà. Nágátì tó ti jí padà ló ń pín kọfí fún gbogbo wọn, kò fi ṣúgà sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé òkú. "Mo ti se kọfí òkú, a ó mu kọfí òkú," ló ń wí, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Ó gbé ife kan fún Ṣádì náà. Ṣádì mu ún tán lójú rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, Ṣádì ti gbà pé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n wọ́n kírun tán, Hájì ní, "Ó yá," wọ́n sì lọ sí pápá. Hájì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn. Kò dárúkọ odò, kò dárúkọ ikú. Inú Ṣádì fúyẹ́ díẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Nígbà tí wọ́n padà, Hájì ṣáájú gòkè. Ṣádì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá.

"Ṣé o ti ti ọkọ̀?"

"Mo ti tì í, Baba."

Hájì mi orí pé ó dáa. Lẹ́yìn náà ó di ògiri mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ padà, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ṣádì dúró lókè, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ wò, ọ̀kan, òmíràn, títí ó fi yí i ká. Ó pẹ́ kó tó gòkè dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"O tì í lóòótọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ó wọlé.

Ojú ti Ṣádì ju ti ọjọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ. Lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ló pa. Lónìí, òótọ́ ló sọ, baba arúgbó sì fi orókún dídùn sọ̀ kalẹ̀ lọ yẹ òótọ́ náà wò. Ó yé e wàyí pé ohun tí irọ́ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn nìyí: bó o bá padà sọ òótọ́, òótọ́ rẹ kò ní tó mọ́. Kọ́kọ́rọ́ tuntun, Ọ̀gá Hílímì gé e ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Èyí tó kù yìí, ìgbẹ́kẹ̀lé Hájì, Ṣádì mọ̀ pé òun fúnra òun ni yóò máa yún un, díẹ̀díẹ̀, fún ìgbà pípẹ́.