Àwọn Tó Ń Gbé Ẹrù Gba Orí Òkè

Ìdúpẹ́ orí rédíò yẹn ló ń dẹ́rù ba Ìyá Máàpù. Gbogbo bàálù tó gba orí òkè lọ ni kò padà wá. Àwọn tó lọ wò ó rí àfọ́kù irin nínú yìnyín, wọ́n rí ìyẹ̀fun tó fọ́n ká sára àpáta. Síbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ogun ká mọ́ ìlú kan lẹ́yìn òkè ń pè láràárọ̀: "Ẹrù ti dé o. Ẹ ṣeun."

Obìnrin yìí ló ń fa ọ̀nà bàálù sórí máàpù. Ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ.

"Ẹrù ń dé àbí kò dé?" Ọ̀gá ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀.

"Ọ̀gá, àwọn ọmọ tó ń wa bàálù yẹn ti kú!"

"Ọ̀nà tó bá ń gbé ẹrù dé, ọ̀nà tó dáa ni. Àbúrò yín ló kàn lọ́la."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn! Inú yàrá tó móoru ló jókòó sí o.

Ìyá Máàpù padà sídìí rédíò, ó pe ìlú náà fúnra rẹ̀. "Ta ló ń gbé ẹrù wá fún yín?"

Ohùn ọkùnrin tó dáhùn lọ sílẹ̀. "Àwọn ọmọ yín náà ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀. Yìnyín kì í yọ́ lára wọn. A ò bi wọ́n ní nǹkan kan, ìyá. Ebi ń pa wá."

Ó mú rọ́bà, ó pa ọ̀nà orí òkè rẹ́. Láìsí ìlà tirẹ̀, bàálù kankan ò gbọdọ̀ gbéra. "Kí ọ̀gá lé mi tó bá wù ú," ó ní. "Ọmọ ìyá mi ò ní torí ìdúpẹ́ orí rédíò kú."

Lọ́jọ́ kejì, kò sí bàálù tó gbéra. Àbúrò rẹ̀ wọlé wá, ó fajú ro.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní abẹ́ yẹ̀rì yín ni mò ń sá sí."

"Yẹ̀rì mi fẹ̀. Máa sá síbẹ̀."

Àbúrò náà rẹ́rìn-ín, ó bu tíì. Rédíò bá dún.

"Ẹrù ti dé o. Ẹ ṣeun. Ẹni tuntun kan bá wọn wá lónìí, eyín iwájú rẹ̀ kán. Òun nìkan ló sọ̀rọ̀."

"Kí ló wí?" Ìyá Máàpù bi í.

"Ó ní ká bá òun bẹ ẹ̀gbọ́n òun, kó má bínú pé òun ò dágbére."

Àbúrò rẹ̀ gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ rọra kan ibi tí eyín rẹ̀ ti kán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni wọ́n ń sọ?"

Ìyá Máàpù gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbóná dáadáa. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.